"Ulé" nínú orin Màámi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Ìkẹ́rẹ́

Mo ti tẹ gbogbo orin ìfẹ́ tí Màámi kọ kí wọ́n tó kú sínú kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ní fásitì ń bọ̀ wá kó wọn lọ́la. Ó ti fi "ọ̀la, ọ̀la" dá mi dúró pẹ́.

Àbúrò Màámi, Àǹtí Bọ́lá, yà wá lọ́sàn-án. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀kan nínú èyí tí mo tẹ̀, wọ́n sì dákẹ́ lójijì.

"Ta ló sọ ẹ̀gbọ́n mi di oníròyìn rédíò?"

Mo ní èmi ni mo yí gbogbo "ulé" ti ẹnu Èkìtì wa sí "ilé", kí àlejò lè kà á. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

"O ṣeun, ọmọ Èkó. Kò sí ìyá rẹ níbẹ̀ mọ́."

Nígbà tí wọ́n lọ, mo ka ìlà kan jáde nínú ìwé Màámi: "Olólùfẹ́ mi, bọ̀ ní ulé." Ohùn tí Màámi fi máa ń bi mí lórí fóònù nìyẹn: ìgbà wo lo ń bọ̀ ní ulé? Mo máa ń ní n kò tíì mọ̀, iṣẹ́ pọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi mí mọ́.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni màá tún wọn tẹ̀. Mo pe ọkùnrin fásitì pé kó má wá. Ó ní ìgbà wo wá ni?

Mo ní n kò tíì mọ̀.