Ajá Tí Kì í Sá fún Ìbọn

Bàbá mi àtàtà,

Àsàlámù àlékúmù. Mi ò mọ irú ìkíni tó yẹ ẹni tó ti re àrèmábọ̀, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu èmi fúnra mi, nítorí ó dá mi lójú pé Bàbá Alájì, àbúrò yín, ti fẹjọ́ mi sùn yín nínú àdúà wọn. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Mo ti fòpin sí ìran ajá yín. Mo mú Sùúrù, abo tó kù nínú wọn, lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, mo ní kó yọ ilé ọmọ rẹ̀, ó sì yọ ọ́. Mi ò kábàámọ̀ rárá.

Ìyá mi wà dáadáa. Orúnkún wọn ṣì ń dùn wọ́n. Láàárọ̀ mìíràn wọ́n á ti bu omi àlùwàlá yín sínú bútà kí wọ́n tó rántí pé ẹ ò sí mọ́, wọ́n á wá fi omi náà fọ ẹsẹ̀ ara wọn.

Ẹ rántí bí àwọn ọdẹ Òkè-Oyì ṣe ń yin àwọn ajá yín. Funfun báláú látorí dé ìrù, imú wọn pọ́n bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun. Bí ìbọn bá dún, ajá oníkálukú á ki ìrù bọ abẹ́ itan, á fẹsẹ̀ fẹ. Tiyín á dúró bí ẹni tí wọn ò bá wí, ojú rẹ̀ á wà lára ẹran. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń sọ akọ inú wọn ní Kòfòyà. Kí ọmọ wọn tó lajú làwọn ọdẹ ti ń pín in láàrin ara wọn. Màmá àgbà á máa ráhùn pé málàíkà kì í wọ ilé tí ajá bá wà, ẹ̀yin á kàn rẹ́rìn-ín, ẹ á ní oko ni ajá yín ń gbé, ẹ á sì pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó kírun.

Ní ọ̀ẹ̀rùn tó kọjá, lẹ́yìn tí ẹ ti lọ, wọ́n dáná sungbó láti lé ọ̀yà jáde. Èmi àti àwọn obìnrin ilé wà lóko lọ́jọ́ náà, à ń kó iṣu jọ. Àfi bí atẹ́gùn ṣe yí padà tí iná sì bá a yí. Àwọn ọdẹ fọn fèrè, wọ́n súfèé, wọ́n pariwo títí ohùn fi há. Gbogbo ajá ló sá jáde àfi ìyá Sùúrù. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó tẹjú mọ́ ihò tí ọ̀yà wọ̀, títí iná fi ká a mọ́. Àwọn ọdẹ ṣí fìlà fún un, wọ́n ní ikú akin ló kú. Èmi tí mò ń wò ó rí i pé kò wẹ̀yìn, kò tilẹ̀ mi etí. Ṣé akin kì í gbọ́ràn ni?

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran. Ẹ mọ̀ pé Sùúrù ti wà lọ́dọ̀ mi ní Ṣàngó látìgbà tí ẹ ti lọ, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Dókítà ní kí n di orí rẹ̀ mú, ó sì fi ìdérí ìkòkò méjì lura wọn lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ni mo fò sókè. Sùúrù ń lá ọwọ́ mi. Etí rẹ̀ méjèèjì ló di. Dókítà ní àwọ̀ funfun tí a fẹ́ràn yẹn àti etí dídi jọ ń rìn nínú ìran wọn ni, pé bí a bá ṣe ń fi funfun gun funfun, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, bẹ́ẹ̀ ni adití á máa pọ̀ sí i nínú ọmọ wọn. Adití là ń pè ní akọni látọjọ́ yìí, bàbá mi.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí gìgísẹ̀ yín. Ẹ máa ń súfèé pe ajá àwọn ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ẹ kì í súfèé pe tiyín. Ẹ á fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n lára, wọ́n á wẹ̀yìn, ẹ á wá fi fìlà juwọ́ pè wọ́n. Mo rò pé eré yín ni. Bàbá mi, ẹ mọ̀! Ìgbà wo lẹ mọ̀? Ṣé kí ìyìn tó bẹ̀rẹ̀ ni, àbí ìgbà tí ìyìn ti pọ̀ jù tí kò ṣeé sọ mọ́? Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ yín máa gbé ọmọ ajá adití wọ inú ìgbẹ́, tí ẹ ò sọ fún wọn?

Inú ń bí mi sí yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo sì nífẹ̀ẹ́ yín, nítorí nígbà tí ẹ wà, ẹ̀yin gan-an letí wọn. Ẹ kì í jẹ́ kí wọ́n dé ojú títì. Bí iná bá ń jó, ẹ̀yin lẹ máa ń sáré wọ̀ ọ́ lọ fà wọ́n jáde, a sì ń rò pé ìfẹ́ ajá ti fẹ́ yí yín lórí. Nígbà tí ẹ wá kú ńkọ́? Ta lẹ fi àwọn ajá náà lé lọ́wọ́?

Bàbá Alájì ò fẹ́ gbọ́ èyí. Wọ́n fẹ́ kí Kòfòyà tó wà lọ́dọ̀ wọn gun Sùúrù, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, kí àwọ̀ funfun má baà bàjẹ́. Wọ́n tiẹ̀ gbé e wá bá mi nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ajá jókòó ti Alájì bí ìyàwó tuntun, ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ ń kùn pé òun ò tíì kírun. Ìgbà tí wọ́n rí ikùn Sùúrù tí wọ́n ti fá, tí wọ́n sì rán, wọ́n káwọ́ lérí.

“Wàlláhì, o ti pa orúkọ bàbá ẹ rẹ́! Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.”

Mo ní òótọ́ ni, Bàbá, àwọn tiwa ò gbọ́ fèrè. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Mo wá rán wọn létí ọmọ wọn obìnrin, tí wọ́n tú yìgì rẹ̀ ká nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jọ jẹ́ AS. Ọmọ náà sunkún títí, Alájì ò gbà, wọ́n ní àwọn ò ní fojú àwọn ra àrùn fún ọmọ tí kò tíì dáyé. Wọ́n ṣeun. Kí ló dé tí àánú yẹn ò lè dé ọ̀dọ̀ ajá? Wọ́n ní ajá kì í ṣèèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni, kò lẹ́nu tó máa fi kọ ọkọ tí a yàn fún un.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ wọ́n pe ẹbí jọ sí agbo ilé. Àwọn ọdẹ wá láti Òkè-Oyì. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Mo kúnlẹ̀, nítorí ẹ tọ́ mi dáadáa. Àforíjì ni mi ò tọrọ. Mo mú tíréè tí wọ́n fi gbé omi wá, mo sún mọ́ ẹ̀yìn Kòfòyà, mo fi ṣíbí lu tíréè náà kíkankíkan. Ìyàwó ilé kan da omi sára, ọmọ tó ń sùn ta jí, ó figbe ta. Kòfòyà ń lá ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Bàbá Sálíù, tí ẹ jọ ń dẹ̀gbẹ́ látìgbà èwe yín, tí wọ́n ti sin òkú ajá yín bíi mélòó kan, wò mí lójú.

“Ọmọ mi, bàbá ẹ mọ̀ bí?”

Bàbá Alájì ń fojú bẹ̀ mí. Ìyá mi tẹrí ba. Ó rọrùn kí n ní ẹ ò mọ̀, òkú ò ní já mi nírọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ohun tí ojú yín ò rí lára ajá, irọ́ ni, wọ́n á sì lọ wá abo funfun mìíràn fún Kòfòyà. Mo ní ẹ mọ̀. Mo sọ bí ẹ ṣe ń pè wọ́n. Bàbá Sálíù dìde, wọ́n wá bàtà wọn, wọn ò kí ẹnì kankan títí wọ́n fi lọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá Alájì pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ọmọ Kòfòyà wá fún àwọn mọ́ láé.

Bàbá Alájì kì í dá mi lóhùn bí mo bá kí wọn báyìí. Àwọn kan ní mo tú àṣírí òkú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Mò ń bẹ Ọlọ́run ní gbogbo ìrun kí ó forí jì yín, kí ó fi yín sí àlùjánnà, mi ò sì ní dákẹ́ ẹ̀bẹ̀ yẹn. Sùúrù ni màá tọ́jú títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé. Bí inú bá bí yín, ẹ wá bá mi lójú àlá. Màá kúnlẹ̀ kí yín, ẹ bá mi wí bó bá ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n lọ sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa, màá jí.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀síbẹ̀.