Wákàtí Tó Jẹ́ Tèmi

Ajé, 3 oṣù kẹfà
Àádọ́fà ìpè ni mo dáhùn lónìí níléeṣẹ́ omi, àádọ́fà "ẹ ṣeun tí ẹ pè wá". Gbogbo ẹni tí omi ẹ̀rọ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, etí mi ló ń tú ìbínú sí. Ọ̀gá Aago, ẹni tó ń ṣọ́ wa níbi iṣẹ́, tún ka ìṣẹ́jú tí mo lò nílé ìtọ̀ — mẹ́rin. Mo délé, mo dáná, mo fọ abọ́. Ìgbà tí Baba Oorun, ọkọ mi, bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun ni ilẹ̀ tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Mo wo fíìmù di aago méjì. Kò tilẹ̀ dùn.

Ìṣẹ́gun, 4
Aago méjì ti kọjá. Àwòrán yàrá àwọn ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni mò ń wò lórí fóònù. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ jí, mo mọ̀ o. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti sùn báyìí, iṣẹ́ ló kàn.

Ọjọ́rú, 5
Màámi pè. Òòyì ń kọ́ wọn. Àwọn nìkan ló wà nílé, ọkàn mi ò balẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ò ń sùn?" Mo ní mò ń sùn dáadáa. Irọ́ funfun báláú.

Ọjọ́bọ̀, 6
Baba Oorun jí wá tọ̀, ó bá mi lórí àga. Ó ní ta ni mò ń bá jà gan-an. Inú bí mi. Òótọ́ ló sọ.

Ẹtì, 7
Aago mẹ́ta. Ojú ń ta mí.

Àbámẹ́ta, 8
Fóònù dún láàárọ̀ kùtù, mo gbé e — mi ò rántí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo jí, ó ṣì wà létí mi, ìpè ṣì ń lọ. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Màámi ni. Wọ́n ti ṣubú ní balùwẹ̀, wọn ò lè gbé ẹsẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò pa ìpè náà, kí wọ́n pe ará ilé kejì.
Wọ́n ní, "O ní, ẹ ṣeun tí ẹ pè wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lórí ìlà. Mo bá dúró."

Àìkú, 9
Egungun itan ló kán. Dókítà ní ì bá sàn ká ní a tètè gbé wọn wá. Nọ́ọ̀sì wò mí láti òkè délẹ̀. Màámi dá a lóhùn kí n tó la ẹnu: "Má bá a wí o. Ẹnu iṣẹ́ ló wà."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.