Ọkọ̀ Epo Mọ́ṣúdù

Mọ́ṣúdù ọmọ mi, mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé ní Ìkòròdú. Àlàáfíà la wà ní Ẹ̀pẹ́. Orúnkún mi ti ń san.

Sàlímọ́nù, olórí atukọ̀ rẹ, sọ fún mi pé ọkọ̀ epo rẹ ń jò, omi ọ̀sà ń wọ inú rẹ̀. Mo ní, "Ṣé o sọ fún Mọ́ṣúdù?" Ó ní, "Ìyá, ta ló tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n á jágbe mọ́ wa."

O ò ṣèkà, àmọ́ ènìyàn kì í rí ìpàkọ́ ara rẹ̀. Bàbá rẹ náà ò rí tiẹ̀. Àwọn atukọ̀ rẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ ti sán, wọ́n bẹ̀rù ohùn rẹ̀, ọ̀sà gbé e lọ.

Jọ̀ọ́, pè wọ́n, gbọ́ wọn tán. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ̀rù tó ń bà wọ́n pa ìwọ náà.