Bọ̀dá Mi, Aṣọ Kwáyà Yín Ti Dé Màláwì

Bọ̀dá Mùfú mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ sì kú làálàá aṣọ ọdún tí àwọn oníbàárà fi ń fún yín lọ́rùn. Orí ìkúnlẹ̀ ló yẹ kí n ti máa bá yín sọ̀rọ̀, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀. Mo kí ìyàwó yín, Ìyá Ràfíátù, tí kò jẹ́ kí ebi pa mí ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé. Mo kí àwọn ọmọ yín, Ràfíátù àti Sàdíìkù. Mo kí gbogbo ará Ọ̀ghọ̀, Ọ̀wọ̀ wa, tó bá ka lẹ́tà yìí. Ẹ má bínú pé mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ìjọ wa. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ bá mi jà lójú gbogbo Ọjà Ọba? Ojú gbogbo wọn náà ni kí n ti bẹ̀ yín.

Mo dé láyọ̀. Àsìkò tí gbogbo èèyàn ń wọ Ọ̀wọ̀ bọ̀ wá ṣe Kérésì ni èmi ń gbé báàgì jáde. Ìyàwó yín ló sìn mí dé gáréèjì. Ẹ̀yin jókòó ti maṣíìnì yín, ẹ ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ẹkún ni mo sun títí ọkọ̀ fi kọjá Ùsò, débi pé awakọ̀ bi mí bóyá ẹnì kan kú. Mo ní rárá o, ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè, kò kàn fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ni. Ó rọra dín rédíò rẹ̀ kù.

Kí ẹni tí kò bá mọ̀ lè mọ̀: mo ṣì kéré nígbà tí bàbá àti ìyá wa kú. Bọ̀dá mi yìí ló fi aṣọ rírán tọ́ mi. Mọ́sálásí ni ó ń bá bàbá wa lọ, èmi ń bá ìyá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ìyá wa kò sí mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé mi lọ sílé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi lórí kẹ̀kẹ́, tí yóò sì dúró dè mí níta. Òun náà ló bẹ ẹni tó yẹ kó bẹ̀ kí n tó rí iṣẹ́ olùkọ́ ìjọba ní Ìfọ́n. Ìjọ wa wá rán mi níṣẹ́ Ọlọ́run wá síbí. Ìjọba yọ̀ǹda mi láìsan owó-oṣù, àkókò náà sì máa pé nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí. Bọ̀dá ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ní Màláwì ni mò ń padà sí.

Ẹ wá sọ fún mi pé: “Àwọn kan ń fi omijé wá iṣẹ́ ìjọba, ìwọ ń fẹsẹ̀ ara ẹ rìn kúrò níbẹ̀. Bó o bá lọ lọ́tẹ̀ yìí, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n rẹ mọ́.” Mi ò bá yín jiyàn. Mo mọ̀ pé ibà tó dá mi dùbúlẹ̀ níbí lọ́jọ́sí ló ń já yín láyà, pé ta ni yóò gbé mi tí mo bá tún ṣubú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an ni, Bọ̀dá mi.

Òjò ni Kérésì níbí o, kì í ṣe ọyẹ́. Ìgbà yìí ni wọ́n ń gbin àgbàdo, ti èṣí sì ti tán nínú àká, nítorí náà ìgbà ọdún gan-an ni ìgbà ebi. Nínú ẹrẹ̀ tó dé orúnkún làwọn ọmọ kwáyà mi ti máa ń wá kọ́ orin. Kò sí ẹni tí mo lè bá sọ Yorùbá, ìkòkò ọbẹ̀ ni mò ń fi Yorùbá bá jà. “Ẹ kú òjò” ṣáà ń bọ́ lẹ́nu mi, àwọn ọmọ sì ti gbé e, wọ́n fi ń kí ara wọn. Àárò ilé ń sọ mí, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti aṣọ. Kí n tó wálé ni mo ti pè yín pé ẹ bá mi rán aṣọ kwáyà fún wọn, ẹ sì béèrè ìwọ̀n. Èmi àbúrò télọ̀, mi ò ní téèpù. Mo ní kí ẹ rán àwọn kan bíi ti Sàdíìkù, àwọn tó ga díẹ̀ bíi ti Ràfíátù. Háà, Bọ̀dá! Sàdíìkù tí mo ń rò ni èyí tí mo máa ń pọ̀n kí n tó kúrò nílé. Sàdíìkù tí ẹ wọ̀n ni géńdé tó ń jí bàtà yín wọ̀ báyìí. Mo délé, mo rí bí wọ́n ṣe ga, kò sọ sí mi lọ́kàn rárá, ẹ sì ti di ẹrù náà pa.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì la tú àpò. Ọmọ kékeré kan tó ń jẹ́ Chikondi wọ tirẹ̀, a ò rí ọwọ́, a ò rí ẹsẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ìbínú lẹ fi rán an. Ìgbà tí mo rántí Sàdíìkù ni mo bú sẹ́rìn-ín, tí inú ń ro mí. Mo mú sísọ́ọ̀sì kí n gé ẹsẹ̀ aṣọ. Ìyá Chikondi di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Má gé e. Wọ́n á dàgbà bá a. Àbí o máa lọ kó tó bá wọn mu?”

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní mi ò ní lọ. A bá ká ẹsẹ̀ aṣọ náà sókè, a fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí irú ọwọ́ tí mo fi rán an, ẹ óò lé mi jáde ní ìsọ̀.

Kí ẹ má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, mo ti kọ̀wé fi iṣẹ́ Ìfọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún. Ìjọ wa ti ní àwọn á máa fún mi ní owó oúnjẹ, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mi kò sì ya. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Kérésì gan-an ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Àwọn ọmọ ń kọrin lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Alàgbà Banda, tó ń bójú tó ìjọ, ló gbé e jáde sí ìloro, èmi náà sì tẹ̀lé e nígbà tí orin parí. Etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa, ó ti jẹ́ kí fóònù náà máa sọ̀rọ̀ síta. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn yín nìyẹn. Ẹ ń fi òyìnbó tí ẹ fi ń bá àwọn oníbàárà Edó nájà bi í bóyá ara mi le, bóyá mo ń jẹun, bóyá aṣọ yẹ àwọn ọmọ. Ó ní ó yẹ wọ́n. Ó wá bi yín pé ta ló ń sọ̀rọ̀ kí òun lè jíṣẹ́. Ẹ ní, “Sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ni.”

Ẹ pa fóònù. Ẹ ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Ọlọ́run tí bàbá wa forí balẹ̀ fún, tí ìyá wa kọrin sí, á dá yín sí fún mi. Ojú yín kò ní kọ ihò abẹ́rẹ́. Ẹ ò ní fi ọwọ́ yín sin ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà, ẹ bá mi kí àwọn ọmọṣẹ́ yín. Mo ń bọ̀ wá jẹ ẹran Iléyá.

Èmi ni,
Abọ́sẹ̀dé,
ọmọ yín.