Àwọn Fídíò Bàbá Mi Tí O Pa Rẹ́

Wendell,

Kọfí wà lórí sítóòfù. Mi ò jí ọ, torí bí mo bá jí ọ, ìjà ni.

Ìwọ tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àṣẹ kọ̀ǹpútà Unix láti ọdún mọ́kànlá, o tẹ "du -sh *" lánàá láti mọ ohun tó gba àyè lórí díìsìkì wa. O gbàgbé pé ìràwọ̀ yẹn kì í ka fódà tí àmì ìdánudúró bá ṣáájú orúkọ rẹ̀. Fídíò bàbá mi ló tóbi jù lójú tìẹ, lo bá pa wọ́n rẹ́ láìbi mí. Nígbà tí àyè ò ṣí, o ní, "Signe, díìsìkì yìí ló ń kú lọ."

Kò kú. Láàárọ̀ yìí mo fi àmì ìdánudúró síwájú ìràwọ̀ yẹn, fódà ìdọ̀tí tó fara pamọ́ sì yọjú. Gbogbo ohun tó o pa rẹ́ ló wà níbẹ̀. Bàbá mi náà wà níbẹ̀, ó ń ha ẹja létí adágún, ó ń pariwo mọ́ mi pé, "Ọmọ yìí, ẹja ni kó o yà, kì í ṣe èmi!"

Mo ti dá wọn padà sáyè wọn. Díìsìkì ṣì kún dẹ́nu.

Jẹ́ kó kún.

Signe