Ìyá Ewé, Bàámi Ò Ṣánko Mọ́

Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti lọ, Màámi. Ọdún mẹ́ta gbáko! Ẹ ò fẹ́ràn kí ènìyàn máa fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ìdajì ọgbà yín ti kú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi èyí tó dáa tù yín nínú. Àbúrò mi ti dàgbà. Kì í gbé ìrọ̀rí sórí àga mọ́ kó tó lè jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ yín. Òun ló ń rán aṣọ iléèwé fún àwọn ọmọ àdúgbò báyìí, àwọn oníbàárà yín ò sì lọ síbì kankan. Wọ́n ní ihò bọ́tìnnì rẹ̀ jọ tiyín, àmọ́ ẹnu rẹ̀ mú ju tiyín lọ. Ẹni tó bá ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó ṣe kíá, á dìde fún un, á ní, “Ó yá, ẹ wá jókòó kí ẹ rán an.”

Bàámi ti rẹ́ yàrá ẹ̀yìn tán. Ó kùn ún ní funfun bí ẹ ṣe fẹ́. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà. Kò sẹ́ni tó ń ṣí i.

Ọdún mẹ́ta rèé, àwọn ènìyàn ṣì ń sọ bí ẹ ṣe kó wọn jọ sórí ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìlagi tó ti kógbá sílé. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, nọ́ọ̀sì, bàbá awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, onígbàjámọ̀ àti ìyá oníbúrẹ́dì á dé tàwọn ti ọkọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó ń gbowó. Ohun tí ọgbà bá mú jáde, ẹni tí ebi bá ń pa ló ni ín. Máńgòrò àti píà wà lókè, ọsàn wà lábẹ́ wọn, atalẹ̀ àti ewé tíì wà lábẹ́ ọsàn, ànàmọ́ àti elégédé sì fà kálẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá bí aṣọ ìbora. Ẹ ní ilẹ̀ kò gbọdọ̀ wà ní ìhòòhò. Àwọn ará Sátidé ń gbin nǹkan síbi tí ẹ bá nawọ́ sí, wọ́n sì sọ yín ní Ìyá Ewé.

Ẹni tí kò bá mọ̀, igbó ló máa pè é. Igbó náà ni Bàámi ń pè é. Tí wọ́n bá bi í pé níbo lẹ wà, á ní, “Ìyàwó mi ti wọgbó, ó ń wá ọkọ láàárín àwọn ọ̀bọ!” Ẹ̀yin náà á dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri pé èyí tí ẹ ní nílé ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí wọn. Ẹ̀rín yín méjèèjì! Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀.

Bíríkìlà ni Bàámi. Kó tó gbé bíríkì kan lé òmíràn, á kọ́kọ́ ṣán ilẹ̀, á tẹ́ ẹ, á ta okùn sí i kí ó lè gún. Bó ṣe mọ ilẹ̀ tọ́jú nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tí a sin yín, ó gbé àdá. Ó ní àwọn èèyàn ń bọ̀ wá wo ibi tí ìyàwó òun ti ṣiṣẹ́, wọn ò sì gbọdọ̀ bá a ní jágbajàgba. Àwọn ará Sátidé tẹ̀lé e. Nọ́ọ̀sì ní òun rí ewé atalẹ̀ lábẹ́ àdá, ó sì ń ṣe òun bíi kí òun ké. Ṣùgbọ́n ta ló máa di ọwọ́ ọkọ tó ń sunkún mú? Wọ́n bá a ṣán an. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣán an, Màámi. Ìfẹ́ ni!

Èmi àti àbúrò mi wà nílé lọ́dọ̀ àwọn tó wá kí wa. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, ilẹ̀ ti mọ́ tónítóní. Igi dúró lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ lójú ọjà. Bàámi nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní, “Ó dáa, àbí? Inú rẹ̀ ì bá dùn.”

Oòrùn ọdún yẹn ò láàánú. Ilẹ̀ sán bíi gìgísẹ̀. Píà ló kọ́kọ́ wọ́wé, ọsàn tẹ̀lé e. Nígbà tí òjò sì dé, ó gbá iyẹ̀pẹ̀ dúdú tí ẹ fi ọdún púpọ̀ kó jọ lọ sójú títì. Bàbá awakọ̀ ní ìyá oníbúrẹ́dì ló yẹ kó ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣán an. Ìyá oníbúrẹ́dì ní, “Ẹnu tìrẹ ńkọ́? Ṣé búrẹ́dì mi ló há sí ọ lọ́fun?” Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ò wá mọ́.

Nọ́ọ̀sì ló padà sọ fún Bàámi. Bàámi ti pọnmi dé, ó ń bú oòrùn. Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe oòrùn.” Ó ṣàlàyé fún un jẹ́jẹ́ pé ewé ìsàlẹ̀ tí wọ́n ṣán ló ń dáàbò bo gbòǹgbò igi. Bàámi da garawa dojú dé, ó jókòó lé e, kò sì dìde títí gbogbo wa fi lọ.

Láti ìgbà náà, Bàámi ò ṣánko mọ́. Tí wọ́n bá pè é síṣẹ́, á dúró lẹ́bàá títì títí àwọn yòókù á fi ṣánlẹ̀ tán. Koríko ti ga dé orúnkún lẹ́nu ọ̀nà wa. Aládùúgbò wa ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká bá yín ro ibí yìí, kí ejò má baà di ayálégbé yín!” Bàámi ní kí ejò máa wọlé bọ̀, kó sáà má fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́ta rèé! Àwa díẹ̀ tó kù ti tún ànàmọ́ àti atalẹ̀ gbìn. Máńgòrò ṣì dúró, àmọ́ kò so lọ́dún yìí. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Bàámi ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, tó ń nawọ́ sí ewé kọ̀ọ̀kan: “Èyí ńkọ́? Ṣé òun ló gbìn ín?” Bí mo bá ní koríko lásán ni, kò ní gbà mí gbọ́. Á bomi rin ín.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó kàn ṣàdédé ní, “Ṣé ó ń bínú sí mi?” Mo ní, “Rárá o, Bàámi.” Ó ní èmi kọ́ lòun ń bi.

Màámi, a ṣì ń ṣàárò yín. Kò sí ọjọ́ kan tí mi ò bẹ̀bẹ̀ kí n tó sùn pé kí n rí yín lójú àlá, ká jọ jókòó díẹ̀. Mo yọ̀ǹda tèmi. Bí ọ̀nà bá ṣí sílẹ̀ fún yín, ẹ má yà sọ́dọ̀ mi, ẹ má yà sọ́dọ̀ àbúrò mi. Ọ̀dọ̀ ọkọ yín ni kí ẹ lọ tààrà. Ẹ dá a lóhùn. Kódà kó jẹ́ pé ẹ máa bú u, ẹ bú u, torí ìdákẹ́jẹ́ yín ló ń jẹ ẹ́ run.

A fẹ́ràn yín, Màámi. Òun fẹ́ràn yín ju gbogbo wa lọ.

Èmi ni mo kọ ọ́ fún àwa ọmọ yín méjèèjì, ní orúkọ bàbá wa tí kò tíì lè kọ tirẹ̀.