Wàrà Tí Mo Sin Sẹ́yìn Ilé

Ìlọ́fà,
Ọjọ́ Ajé.

Tèmítáyọ̀, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ariwo Èkó tí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Olúwa tí ó ń ṣọ́ wa níhìn-ín yóò máa ṣọ́ ìwọ náà lọ́hùn-ún. Ara ìyá rẹ le, iṣu ti ta dáadáa, ṣùgbọ́n àyà mi ṣì ń já, nítorí náà má ṣe ka ìwé yìí sókè létí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí awakọ̀ gbé ike wàrà òyìnbó rẹ dé, èyí tí o ní kí ìyá rẹ fi se ẹ̀fọ́ de àwọn òbí Ọlágòkè, àfẹ́sọ́nà rẹ, tí wọ́n ń ti Abùjá bọ̀, èmi ni mo ṣí i. Bí mo ti fọwọ́ kàn án ni ó rún mọ́ mi lọ́wọ́, mo tọ́ ọ wò, háà, iyọ̀! Láti kékeré tí mo ti ń jẹ wàrà, n kò rí oníyọ̀ rí. Mo ní wọ́n ti ta èyí tí ó bàjẹ́ fún ọmọ mi, wọ́n sì fi iyọ̀ bo àléébù rẹ̀. Kí Ṣubúọlá aládùúgbò wa má baà gbọ́, kí ó máa sọ kiri pé oúnjẹ bíbàjẹ́ ni o fi ń ránṣẹ́ sí baba rẹ, mo fi aṣọ funfun wé e, mo sì sin ín sẹ́yìn ilé.

Ṣubúọlá rí mi. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dé etí àlùfáà pé Bàbá Tèmítáyọ̀, odidi àgbà ìjọ, ri nǹkan funfun mọ́lẹ̀ de àna.

Nígbà tí ìyá rẹ pè ọ́ pé ike náà sọnù, èmi ni mo kọ́ ìyá rẹ ní irọ́ yẹn, dárí jì mí. Ìwọ wá kọ ọ́ sórí fóònù pé wàrà sóyà tàbí wàrà Fúlàní lè rọ́pò rẹ̀, kí a ṣáà fi iyọ̀ sí i. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì dojú fóònù délẹ̀ kí ó má baà rí ihò tí mo gbẹ́. Àṣé iyọ̀ náà gan-an ni ẹwà rẹ̀!

Sóyà tí Naimat ń tà rún dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀wà ni ó ń ta sí ni lẹ́nu. Ti Badirat Fúlàní ni ó ní adùn wàrà, ó kàn le. Ìyá rẹ gbé ọmọ ọlọ lé e títí omi rẹ̀ fi gbẹ, ó rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ di ọjọ́ kejì, ó wá fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sórí ẹ̀fọ́. Mo tọ́ ọ wò, orí mi wú: ohun tí mo sin nìyí! Ìyá Ọlágòkè bu ún lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì fi ẹ̀rín jáde nílé wa.

Ẹ̀rín yẹn ni ó wá dá kún ọ̀ràn mi. Ṣubúọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, Bàbá, ohun tí ẹ sin yẹn mà jẹ́ o! Títí di òní, ènìyàn méjì ti yọ́ wá bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn sin irú rẹ̀ nítorí ọmọbìnrin wọn, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ akọrin ìjọ wa.

Nítorí náà, fi ike mìíràn ránṣẹ́ kíákíá, kí n ṣí i lójú gbogbo ìjọ, kí o sì fi owó búrẹ́dì díẹ̀ tì í, nítorí ẹnu tí ó bá ń jẹun kì í rí àyè rojọ́.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a sin ire wa nítorí pé a kò dá a mọ̀. Ilé ọkọ rẹ yóò dùn, iyọ̀ rẹ kò ní dòbu.

Èmi ni baba rẹ,
Elijah Akọ́ládé.